Táyà kẹ̀kẹ́ Maruwa: Ohun tó yẹ kí awakọ̀ Ṣómólú àti Bàrígà yẹ̀ wò kó tó sanwó

Láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ìjọba ìdàgbàsókè Bàrígà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní mọ́tò gbójú lé ládùúgbò náà. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ sí Akọ́kà, òun ni ìyá ọlọ́jà ń wọ̀ bọ̀ láti ọjà, òun náà ni oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ń kó bébà sí lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣómólú. Orúkọ Buba Marwa, ọ̀gá ológun tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1996 sí 1999, ni àwọn ará ìlú fi ń pe kẹ̀kẹ́ náà títí di òní.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo bọ́dì, tí yóò sì wo àga. Táyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ṣoṣo ni ohun tó kan ilẹ̀ lára gbogbo ọkọ̀. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan títì kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta yìí ni ẹ̀mí awakọ̀ àti ti gbogbo èrò rẹ̀ wà.

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe rọ́bà

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ ni pé rọ́bà táyà kọ́ ló ń gbé ẹrù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀ ni. Rọ́bà àti okùn tí wọ́n hun sínú rẹ̀ wulẹ̀ dà bí àpò tó di afẹ́fẹ́ náà mú ni. Ọgbọ́n yìí ni John Boyd Dunlop lò ní ìlú Belfast, nígbà tó ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ń gùn, tó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1888. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ló tún gba Bàrígà kan lónìí.

Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni àpò náà gbọ́dọ̀ ṣe lágbára tó. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ẹlẹ́ni-méjì ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí ènìyàn méjì ń jókòó lé tẹ̀lé ara wọn, mọ èyí dáadáa. Ẹsẹ̀ méjì péré ni kẹ̀kẹ́ wọn ní, síbẹ̀ ó ń gbé ènìyàn méjì pẹ̀lú ẹrù ìrìnàjò. Nítorí náà, bí ọ̀nà wọn bá jìn, wọn kì í lo táyà tín-ín-rín tí ẹni tó ń dá gun kẹ̀kẹ́ ń lò. Táyà tó fẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ki ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ju ti ẹlẹ́nìkan lọ. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, wọ́n ń ṣọ́ bíréèkì lò, nítorí bíréèkì tó ń fún ríìmù lè mú kí ríìmù gbóná débi tí táyà yóò fi bẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni-méjì bá rí báyìí, kí ni ká wá sọ nípa Maruwa? Bí a bá ṣírò ènìyàn kọ̀ọ̀kan sí kílò 70, awakọ̀ àti èrò mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ti di kílò 280. Bí awakọ̀ bá tún gbé ẹnìkan sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó di 350. Àpò gààrí, kẹ́ẹ̀gì epo àti ọmọ orí ẹsẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni táyà mẹ́ta kéékèèké ń ru ẹrù yìí, lórí títì tó kún fún kòtò.

Àwọn nọ́ńbà tó wà lára táyà

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ṣe rí: gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ń dán ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá lè kà á.

Lára ọ̀pọ̀ Maruwa tó ń ná Èkó, ìyẹn Bajaj àti TVS, nọ́ńbà tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni 4.00-8. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà náà fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin, àti pé ríìmù tó bá a mu jẹ́ íǹṣì mẹ́jọ. Kí awakọ̀ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ tàn án pé “yóò wọlé.” Lóòótọ́, ó lè wọlé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó lè ru ẹrù kẹ̀kẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, kó wá lẹ́tà PR. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀, bíi 4PR tàbí 6PR, ló ń sọ bí ara táyà ṣe lágbára tó. Bí méjì bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ló lè gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, òun náà ló sì lè ru ẹrù tó wúwo jù. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣòwò kò gbọdọ̀ ra èyí tó kéré sí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà fi sí i.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Lára ọ̀pọ̀ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà nínú àpótí róbótó kékeré, ó sábà máa ń tẹ̀lé lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí awakọ̀ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é kò yẹ ní lílò mọ́. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rà á ni wọ́n ń kà. Táyà tó ti wà lórí pẹpẹ fún ọdún márùn-ún, tí oòrùn ń pa á níwájú ṣọ́ọ̀bù, ti gbó kó tó kan títì rárá. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó rí i tó ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí amọ̀ tó gbẹ, kó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀

Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ Michelin ní Pọ́tá ti ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní ọdún 2007. Dunlop ní Ìkẹjà náà ṣíwọ́ ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tí wọ́n ń lò ti ń wá, àlòkù sì pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, táyà àlòkù wà lára àwọn ọjà tí àjọ aṣọ́bodè kò gbà kí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, àyàfi ti ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ohun tó burú nínú àlòkù ni pé ojú rẹ̀ lè ṣì nípọn nígbà tí okùn inú rẹ̀ ti já. Kò sí ẹni tó mọ kòtò tó kọlù níbi tó ti wá, kò sì sí ẹni tó mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi wà á láìsí afẹ́fẹ́ tó pé. Bí awakọ̀ bá rí ibi tó wú bí eéwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó mọ̀ pé okùn ti já níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè lẹ irú rẹ̀.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń bẹ̀rù táyà tó gbó. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni òfin ti sọ pé bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ lo táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá níwájú, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì dára tó.

Afẹ́fẹ́ tó kéré, iná ni

Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yí. Títẹ̀ àti nínà yìí ń mú ooru wá. Ooru ń jẹ rọ́bà, ó ń jẹ okùn, títí tí táyà yóò fi bẹ́ lójijì. Ẹrù àpọ̀jù àti eré àsápajúdé ń dá kún un. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 2016, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, James Ocholi, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ pé eré àsápajúdé àti táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ wà lára ohun tó fa ìjàmbá náà. Ọkọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe Maruwa, ṣùgbọ́n táyà kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù náà kò dára. Ó ń mú kí kẹ̀kẹ́ máa ta, kí àárín táyà máa jẹ kíákíá, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Iye tó tọ́ fún iwájú àti ẹ̀yìn wà nínú ìwé tí wọ́n fún ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ ní tuntun. Àárọ̀, kí kẹ̀kẹ́ tó jáde, ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ táyà tó ti gbóná ń pọ̀ sí i lójú gééjì. Fọgánáísà tó kàn fi ọwọ́ tẹ táyà tàbí fi ìgì lù ú, tó ní ó ti tó, kò wọn nǹkan kan.

Iwájú kò ní ẹnìkejì

Táyà méjì tó wà lẹ́yìn ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, àwọn ló sì ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì jẹ bákan náà, kí kẹ̀kẹ́ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níwájú, òun ló ń darí. Bí tẹ̀yìn kan bá bẹ́, èkejì ṣì wà nílẹ̀. Bí tiwájú bá bẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbà á, kẹ̀kẹ́ sì lè dojú dé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n máa fi èyí tó ti jẹ tán sí iwájú pé kò sí ẹrù níbẹ̀.

Bí táyà bá ń lo tíúbù, kí tíúbù náà bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Tíúbù tí wọ́n ti lẹ̀ nígbà márùn-ún kò yẹ nínú táyà tuntun.

Èwo ló wọ́n jù?

Olówó ọkọ̀ ń dúró de owó rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀, nítorí náà ni awakọ̀ fi máa ń sáré sí èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní táyà kan jẹ́ ₦10,000, tó sì lo oṣù mẹ́ta. Èkejì jẹ́ ₦16,000, ó sì lo oṣù mẹ́jọ. Èkíní ń ná awakọ̀ ní nǹkan bíi ₦3,333 lóṣù, èkejì ń ná an ní ₦2,000. Èyí tó dà bí ọ̀pọ̀ gan-an ló wọ́n. Ìṣirò yìí kò sì tíì kan owó fọgánáísà, èrò tó bọ́ọ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, àti ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ fi dúró.

Èrò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Kí ó tó wọlé ní Fọlá Agoro tàbí ní Ìlàjẹ, kó wo ilẹ̀. Bí ojú táyà bá ti dán bí àwo, tàbí tí wáyà ti ń yọjú níbẹ̀, kó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà lọ. Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.