Ṣéènì Ọ̀kadà Tó Ń Já Sọ́nà: Ohun Tó Yẹ Kí Ọlọ́jà Mọ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin arábìnrin wa tó ń ná ọjà láti Àwòyàyà títí dé Àkòdo. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin létí àwọn kan nínú yín. Ọ̀rọ̀ ṣéènì ọ̀kadà ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gun ọ̀kadà jù wá lọ? Ẹja wa, ata wa, ẹ̀fọ́ wa, àpò gààrí wa, orí ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà wọ ọjà. Bí ṣéènì bá já lójú ọ̀nà, owó ìrìn kan péré ni ọlọ́kadà pàdánù. Àwa tí a gbé agbọ̀n ẹja tútù sẹ́yìn rẹ̀, tí oòrùn ti ń là, tí yìnyín ti ń yọ́, àwa la mọ ohun tí a pàdánù.

Ẹ rántí pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Etí-Ọ̀sà sì wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí òfin kò fi gbà á láyè ní Ajah. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n tún fi ìjọba ìbílẹ̀ 4 mìíràn kún un. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí tiwa kò sí nínú àwọn 6, kò sì sí nínú àwọn 4. Ọ̀kadà ṣì ni ẹsẹ̀ wa ní abúlé etí òkun. Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kkí ní oṣù kìíní, tí wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún, èrò àti tírélà ló túbọ̀ ń pọ̀ lójú ọ̀nà wa.

Oṣù karùn-ún ọdún 2023 yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Owó epo fò sókè, owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀kadà oníbátìrì ti ń wọ etí àwọn ọlọ́kadà, pé kò mu epo, iná ni wọ́n ń gbà sí i. Kì í ṣe àlá. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní M Auto nígbà náà, tó di Spiro ní 2023, ti ń kó irú rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà wọn, tí wọ́n á gbé bátìrì tó ti kú sílẹ̀, tí wọ́n á gba èyí tó kún. Àwọn kan wá ń sọ pé tí a bá ti bọ́ lọ́wọ́ epo, a ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà mẹkáníìkì. Rárá o. Iná lè rọ́pò epo, àmọ́ bí ọ̀kadà náà bá jẹ́ oníṣéènì, ṣéènì ṣì ni yóò fa táyà.

Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta tó wà nínú ọjà wa. Ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ọlọ wà lọ́tọ̀, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ata ò ní lọ̀. Iṣẹ́ bẹ́líìtì yẹn gan-an ni ṣéènì ń ṣe lára ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, èyí tó tóbi wà lára táyà ẹ̀yìn. Sprocket ni àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n. Eyín wọn ló ń wọ inú ihò ṣéènì, tí ti iwájú fi ń fa ti ẹ̀yìn.

Oríṣi méjì ni ọ̀kadà oníbátìrì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Nínú oríṣi kan, inú táyà ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ wà, kò sí ṣéènì rárá. Nínú ìkejì, àárín ọ̀kadà ni ẹ̀rọ wà, ṣéènì tàbí bẹ́líìtì ló sì ń gbé agbára lọ sẹ́yìn. Oríṣi kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ṣéènì ibẹ̀ a tiẹ̀ máa jìyà ju ti elépo lọ nígbà mìíràn, nítorí pé ẹ́ńjìnnì elépo ń gba agbára díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀rọ oníná máa ń tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ láti ìdúró. Bí ọlọ́kadà bá ya ọwọ́ ìsáré lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìyá méjì àti àpò gààrí kan wà lẹ́yìn rẹ̀, orí ṣéènì ni gbogbo ìjà yẹn ń já sí. Ẹ sọ fún un kó rọra gbéra. Ẹ̀tọ́ yín ni, owó yín lẹ fi wọ̀ ọ́.

Kí ló ń pa ṣéènì ládùúgbò wa?

Yanrìn àti iyọ̀ ni. Ẹ wo páànù orí ilé ní Orímẹ̀dù àti Àkòdo, bí ìpẹtà ṣe ń jẹ ẹ́ kó tó pẹ́. Atẹ́gùn òkun tó ń jẹ páànù yẹn ló ń jẹ ṣéènì. Yanrìn ní tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ òróró ara ṣéènì, àwọn méjèèjì á wá di ohun tó ń lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ṣéènì ti nà. Irin kì í nà bí rọ́bà o. Ìṣó kéékèèké tó so egungun ṣéènì pọ̀ ló ń tẹ́ẹ́rẹ́, ihò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ló ń fẹ̀. Bí egungun kọ̀ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun orí gùn sí i, tí ṣéènì sì ní egungun tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀.

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló sún mọ́ ṣéènì jù, torí náà etí yín ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ ọ. Bó bá ń ké wín-ín-wín-ín bí eku, ó ti gbẹ, ó ń wá òróró. Bó bá ń lu nǹkan kẹ́-kẹ́-kẹ́ ní ìsàlẹ̀, ó ti dẹ̀ jù. Èyí tó burú jù ni kí ọ̀kadà fẹ́ gbéra kí ẹ gbọ́ kà! kí ó sì fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n já okùn rẹ̀. Ṣéènì ń fo eyín nìyẹn. Ẹ má gbé ẹrù lé irú rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn.

Ọlọ́kadà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéènì òun dẹ̀ tàbí ó le, kó gbé ọ̀kadà sórí ìdúró, kó fi ìka ti ṣéènì sókè sódò ní àárín apá ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, bí ìka méjì tí a tò pọ̀ bẹ́ẹ̀, ló yẹ kó máa gbé lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kéékèèké, bí ìwé tó bá a wá kò bá sọ nǹkan mìíràn. Kó yí táyà, kó tún wò ó níbi púpọ̀, nítorí ṣéènì tó ti gbó lè dẹ̀ níhìn-ín kó le lọ́hùn-ún. Ibi tó le jù ni kó fi ṣe òdiwọ̀n. Àwọn kan rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dára tó. Irọ́ ni. Nígbà tí àwa àti ẹrù wa bá jókòó, ẹ̀yìn ọ̀kadà á lọ sílẹ̀, ṣéènì á túbọ̀ fà. Èyí tó ti le tẹ́lẹ̀ lè já tàbí kó ba bọ́ọ̀lù inú táyà jẹ́. Bó bá jẹ́ ti oníbátìrì, ṣéènì tó le jù tàbí tó gbẹ á tún máa jẹ iná: ọ̀kadà tó yẹ kó lọ kó sì bọ̀ lè dákú sọ́nà.

Bí wọ́n bá fẹ́ fà á, nọ́ọ̀tì ńlá tó di táyà ẹ̀yìn mú ni wọ́n á kọ́kọ́ tú díẹ̀, kí wọ́n tó yí nọ́ọ̀tì kékeré ọ̀tún àti ti òsì ní ìwọ̀n kan náà. Àmì wà lára irin níbẹ̀. Bí ọ̀tún bá ju òsì lọ, táyà á wọ́, ṣéènì á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ eyín. Kí wọ́n rántí bíréèkì ẹ̀yìn pẹ̀lú, torí táyà tó sún sẹ́yìn máa ń yí bíréèkì padà, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé èyí.

Ní ti fífọ̀ rẹ̀, kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà ti tó. Kí wọ́n má lo pẹtiróòlù, iná wà níbẹ̀. Bó bá gbẹ tán, kí wọ́n kán òróró sí i láti inú, kí wọ́n máa fi ọwọ́ yí táyà, kí wọ́n sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò kó má baà kó yanrìn. Òróró gíà tàbí òróró ẹ́ńjìnnì tuntun ló dára. Òróró dúdú tí wọ́n tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì, tí púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn torí pé ọ̀fẹ́ ni, ìdọ̀tí àti ẹ̀rún irin ló kún inú rẹ̀. Ní gbogbo kìlómítà 500 ni kí wọ́n ṣe é, àti lẹ́yìn òjò tàbí omi iyọ̀. Ọlọ́kadà tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ á rìn tó bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ń gun ọ̀kadà: ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ wà lára ṣéènì. Ìka ló máa ń bá a lọ. Ti oníbátìrì tilẹ̀ léwu jù, torí kì í pariwo. Èèyàn lè rò pé ó ti kú. Kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ ìfọmọ́tò da omi líle sí ibi tí wáyà àti bátìrì wà.

Nígbà wo ni kí wọ́n ra tuntun? Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ wo nọ́ńbà ara ṣéènì. 428 ló wà lára púpọ̀ nínú àwọn ọ̀kadà kéékèèké. Kí wọ́n fa ṣéènì náà kó tò, kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti àárín ìṣó kan dé àárín ìkọkànlélógún rẹ̀. Tuntun á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25.4, ìyẹn íǹṣì 10 géérégé. Bó bá ti tó 25.9, ó ti lọ. Kí wọ́n wo eyín sprocket pẹ̀lú: èyí tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja kò ṣeé lò mọ́. Àti ṣéènì àti sprocket méjèèjì ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ̀, nítorí eyín àtijọ́ á tètè jẹ ṣéènì tuntun. Ìdè tó so ṣéènì pọ̀ ní irin pẹlẹbẹ kan tó rí bí ẹja. Orí ẹja náà, níbi tó dì pa, ni kó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, kí ìrù tó là wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá yí i padà, nǹkan kékeré lè gbá a yọ.

Ìró, gèlè àti ọ̀já

Èyí ló kàn wá jù, a sì fi í sẹ́yìn kí ẹ lè rántí rẹ̀. Ìró tó tú, ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìdí ọ̀já ọmọ, gbogbo wọn ni ṣéènì àti táyà ẹ̀yìn lè gbé mì. Ní Bangladesh, àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìborùn gígùn tí àwọn obìnrin ń fi sọ́rùn ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníbátìrì, tó sì ń ṣẹ́ wọn lọ́rùn. Ní Íńdíà, òfin ọkọ̀ wọn ti ọdún 1989 pàṣẹ pé kí ààbò bo ó kéré tán ìdajì táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà, kí aṣọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn má baà wọ ibẹ̀. Íńdíà yìí ni Bajaj àti TVS tí à ń gùn ti wá. Kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ wo bóyá ìbòrí ṣéènì àti irin ààbò táyà ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú u kúrò, ẹ wá ọ̀kadà mìíràn. Ẹ ká ìró yín sókè, ẹ kì í sábẹ́ itan, ẹ so ìborùn mọ́ ara. Ọ̀kadà tí kò tiẹ̀ ní ṣéènì ṣì ní táyà.

Bí aṣọ bá wọ ibẹ̀, ẹ lọgun kí ọlọ́kadà dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì pa ẹ̀rọ. Ẹ má fa aṣọ náà nígbà tí táyà ṣì ń yí. Bó bá ti dúró, kí wọ́n fi ọwọ́ yí táyà padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá jáde, ọ̀bẹ ẹja wà nínú agbọ̀n, ẹ gé e. Kí ọlọ́kadà sì yẹ ṣéènì wò kó tó tún gbéra, nítorí aṣọ tó wọ ibẹ̀ lè ti yẹ̀ ẹ́ kúrò lórí eyín.