Ó ta aṣọ bàbá rẹ̀, ó ta ẹṣin mọ́ ọn: ìtàn Francis ará Assisi

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ dá aṣọ tí ẹ ń wọ̀n dúró ná, ẹ wá gbọ́ ti oníṣòwò ẹgbẹ́ yín kan tí ọmọ rẹ̀ kó o lọ́jà tà láìgbàṣẹ.

Ìlú Assisi, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Ìlú kékeré ni, ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà. Perugia tó jù ú lọ kò jìnnà sí i rárá, àwọn méjèèjì kì í sì í rẹ́.

Lọ́dún 1198, àwọn ará Assisi dìde, wọ́n wó odi tí aṣojú ọba Jámánì ń gbé. Wọ́n tún kọjú sáwọn ọlọ́lá ìlú, làwọn yẹn bá sá gba Perugia lọ. Ogun dé! Ní 1202, wọ́n pàdé ní Collestrada, Perugia sì nà wọ́n bí ẹní máa kú. Lára àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn ni Francis, ọmọ Pietro di Bernardone, gbajúmọ̀ aláṣọ. Ọmọ olówó, ọmọ jayéjayé! Bí ọdún kan ló lò lẹ́wọ̀n. Nígbà tó délé, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, fàájì ò sì wù ú mọ́.

Ó ń gbàdúrà lọ́jọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì San Damiano tó ti ń wó, ó ní òun gbọ́ ohùn pé kóun tún un ṣe. Kí ló ṣe? Ó di aṣọ bàbá rẹ̀ sẹ́yìn ẹṣin, ó dọjà Foligno, ó tà á, ó ta ẹṣin náà pẹ̀lú! Fàdá ò gba owó ọ̀hún, ẹ̀rù bàbá ọmọ ń bà á. Pietro ti ọmọ mọ́lé. (Ta ni ò ní bínú?) Bàbá rìnrìn àjò tán, ìyá tú u sílẹ̀.

Ẹjọ́ dọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí 1206. Francis dá owó padà, ó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ lé e, ó ní Bàbá tó ń bẹ lọ́run nìkan ni bàbá òun mọ́. Ìhòòhò ló wà! Bíṣọ́ọ̀bù fi aṣọ tirẹ̀ bò ó.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní wèrè yìí ló dá ẹgbẹ́ àwọn Franciscan sílẹ̀. Ní 1219, nígbà tí ogun Kristẹni àti Mùsùlùmí gbóná ní Íjíbítì, ó lọ bá Sultan al-Kamil láìmú idà dání, ó sì padà láàyè.

Nígbà tí àìsàn dójú ẹ̀ ní 1226, Assisi rán ẹlẹ́ṣin lọ gbé e, kó má baà kú sílùú mìíràn, kí wọ́n wá gbẹ́sẹ̀ lé òkú rẹ̀. Ìtàn sọ pé lójú ọ̀nà, àwọn ẹlẹ́ṣin yìí lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò rí oúnjẹ rà. Francis ní kí wọ́n fowó sílẹ̀, kí wọ́n lọ tọrọ lójúlé-lójúlé. Wọ́n tọrọ, wọ́n yó.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá ló kú. Ní 1230 wọ́n sin ín sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n kọ́ fún un, wọ́n sì fi ibojì náà pamọ́ débi pé 1818 ni wọ́n tó tún rí i.