Bí Iwájú Píkọ́ọ̀pù Yín Bá Ti Rọ̀ Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa ní ìlú Ọba níbí ló ń fi píkọ́ọ̀pù àlòkù ṣiṣẹ́. Tó bá pẹ́, iwájú rẹ̀ á máa rọ̀ sílẹ̀, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ tó sanwó spring tuntun, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ ná.

Ford Ranger tí wọ́n tà níbí ṣáájú 2011, àti L200 àtijọ́ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, torsion bar ni wọ́n ní níwájú. Irin gígùn ni, ó ti ibi wíìlì lọ sẹ́yìn lábẹ́ ọkọ̀. Ó máa ń lọ́ bí aṣọ tí a ń fún, lílọ́ yẹn ló sì ń gbé ọkọ̀ dúró. Bóòtì kan wà ní ìdí rẹ̀ tí a fi ń tún un ṣe. Bí ẹ bá rí spring aláyìípo níwájú dípò rẹ̀, kò sí bóòtì tí ẹ máa yí. Pípààrọ̀ ni ti ìyẹn.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú láìsí ẹrù, kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Ẹ fi téèpù wọn àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà lókè, lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ o, táyà lè tan yín jẹ.

Ẹ fi jáàkì gbé ṣásíì títí wíìlì á fi rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ fi axle stand tì í. Jáàkì nìkan kò tó, ó ń pa èèyàn! Iyọ̀ ojú títì ìgbà òtútù máa ń jẹ́ kí bóòtì dípẹtà, nítorí náà ẹ fi epo sí i kó sùn mọ́jú. Bí ẹ bá dè é, iwájú á gòkè; bí ẹ bá tú u, á rọ̀. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ máa kà á. Ẹ má tú u kúrò pátápátá láéláé, agbára tó wà nínú irin yẹn lè gé ọwọ́. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wà á yí àdúgbò ká kó lè jókòó dáadáa, kí ẹ tó tún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọ̀n.

Gíga tí iléeṣẹ́ kọ sínú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ bá dúró. Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ kó ga fún fáàrí, ẹ gbọ́: irin náà kò ní lágbára sí i. Ọkọ̀ á kàn máa gbọ̀n jìgìjìgì, rọ́bà ojú ìsopọ̀ ṣáàfù á sì ya. Ẹ tún gbọ́dọ̀ sọ fún iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó bá ga ju ti tẹ́lẹ̀, torí wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe tracking, kí táyà má baà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n sì tún ojú iná iwájú ṣe. Wọ́n ń wò ó nígbà MOT. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n sí dání lọ sí gáréèjì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣàdédé wálẹ̀ mọ́jú, irin ti ṣẹ́ nìyẹn o. Ẹ má wà á.