Ewé Tó Ń Sọ Funfun Rẹ̀ Nù

Ìyá àgbà gbin fíkọ́ọ̀sì kan síwájú ilé wa ní Aké kí wọ́n tó papòdà. Ewé rẹ̀ funfun létí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ka kan yọ tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láìní funfun rárá. Inú mi tilẹ̀ dùn! N kò mọ̀ pé ibi tó funfun lára ewé kì í fi oòrùn ṣe oúnjẹ, pé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ a máa yára ju àwọn yòókù lọ, a sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kí n tó fura, ó ti gba ìlàjì igi.

Ẹ má ṣe rẹ́ ẹ lórí, àwọ̀ kan náà ni yóò tún rú. Ẹ gé e níbi tó ti yọ gan-an, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́: oje rẹ̀ a máa yún ni lára.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni mo fi ayùn gé tèmi. Igi ìyá àgbà ṣẹ́ kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ewé tuntun tó ń rú funfun létí.