Kòkòrò Orí Òkè Tí Kò Lè Fò: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ẹ̀yà Tuntun Ni, Ta Ló sì Ń Sọ Ọ́ Lórúkọ?

Ẹ máa ń rí i lórí fóònù yín: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún ti rí ẹ̀yà kòkòrò tuntun lórí òkè kan. Ẹ wo fọ́tò ẹ̀, ẹ tẹ like, ẹ kọjá lọ. Àmọ́ ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé báwo gan-an ni wọ́n ṣe mọ̀ pé tuntun ni? Ta ló ka àwọn ti tẹ́lẹ̀? Kí ló sì kan èmi àti ẹ̀yin nínú kòkòrò tí kò ju hóró ìrẹsì lọ? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ lónìí, ká fi àwọn kòkòrò tí òyìnbó ń pè ní rove beetle ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ ti mọ ọ̀kan nínú wọn

Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tó pupa tó sì dúdú, tó máa ń wá síbi iná lálẹ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ń pè ní champion, rove beetle ni. Kì í gé ni jẹ, kì í sì í ta ni. Oró tó wà nínú omi ara ẹ̀ ni wàhálà. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ara, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ibẹ̀ á pọ́n, á sì léròrò bíi pé iná jó yín. Nítorí náà, tó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀.

Ẹbí champion yìí pọ̀ gan-an. Orúkọ tí sáyẹ́ǹsì fún ẹbí náà ni Staphylinidae, ẹ̀yà tí wọ́n sì ti sọ lórúkọ nínú ẹ̀ ti lé ní 60,000. Ohun tẹ́ ẹ fi máa dá wọn mọ̀ ni pé ìyẹ́ òkè wọn, èyí tó le, kúrú bíi jákẹ́ẹ̀tì tí kò dé ìdí. Abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n ń ká ìyẹ́ tí wọ́n fi ń fò pa mọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fò dáadáa. Àwọn tó wà lórí òkè gíga ló yàtọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn ti kéré débi pé kò wúlò mọ́.

Kí ló dé tí wọn ò fò mọ́?

Charles Darwin ti sọ̀rọ̀ nípa irú nǹkan báyìí nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1859. Ó mú àpẹẹrẹ láti erékùṣù Madeira, níbi tí Wollaston ti ṣàkíyèsí pé nínú ẹ̀yà beetle 550, nǹkan bíi 200 ni kò lè fò. Àlàyé Darwin ni pé èyí tó bá ń fò káàkiri, afẹ́fẹ́ á gbé e jù sínú òkun. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ ló máa wà láàyè, tó máa bímọ.

Àwọn onímọ̀ òde òní ti fi nǹkan kún un. Wọ́n ní ìyẹ́ àti iṣan tó ń gbé e ń náni lówó, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó yẹ kó di ẹyin ni wọ́n á fi kọ́ ìyẹ́. Tí ibi tí kòkòrò ń gbé ò bá yí padà, tí oúnjẹ ń bẹ lábẹ́ ewé jíjẹrà látọdún dé ọdún, kí ló tún fẹ́ fi ìyẹ́ ṣe?

Àmọ́ ẹni tí kò lè fò, kò lè rìnrìn àjò. Orí òkè tutù, àfonífojì tó wà láàárín òkè méjì móoru. Kòkòrò ò lè fẹsẹ̀ rìn ín já. Bí òkè kọ̀ọ̀kan ṣe di erékùṣù nìyẹn. Ẹ wo èdè wa: orísun kan náà ni, àmọ́ ẹ gbọ́ bí Ìjẹ̀bú ṣe ń sọ ọ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ti Èkìtì. Tàwọn kòkòrò tún le ju ìyẹn lọ, torí ó lè dé ibi tí wọn ò ní lè bára wọn bímọ mọ́. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, nínú ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Lathrobium, ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì kan, Volker Assing, sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí kò lè fò lórúkọ. Púpọ̀ nínú wọn, orí òkè kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí wọn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Báwo wá ni ìsọmọlórúkọ ọ̀hún ṣe ń lọ? Onímọ̀ á gun òkè, á kó ewé jíjẹrà, á fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Kòkòrò tó bá jábọ́, inú ọtí líle ló ń lọ. Tó bá délé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré, á kọ ibi tó ti rí i, bí ibẹ̀ ṣe ga tó àti ọjọ́ tó rí i. Kòkòrò tí kò ní àkọsílẹ̀ yìí, bí ọmọ tí a ò mọ ilé bàbá ẹ̀ ló rí.

Wàhálà tó kàn ni pé wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ohun tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni nǹkan ọkùnrin wọn. Wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á wò ó lábẹ́ microscope, torí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní bí tiẹ̀ ṣe rí. Àwọn míì ń yẹ DNA wò pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi í wé àwọn tó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Tó bá yàtọ̀ lóòótọ́, wọ́n á yan kòkòrò kan ṣoṣo, kó jẹ́ ẹlẹ́rìí orúkọ náà títí ayé. Òun ni wọ́n ń pè ní holotype. Wọ́n á fún un ní orúkọ méjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún 1758 tí ìwé Linnaeus ti di ìpìlẹ̀. Wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde fáráyé. Láti ọdún 2012, ó lè jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, tí wọ́n bá ti forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ZooBank. Kò sí òfin tó ní kí onímọ̀ má fi orúkọ ara ẹ̀ sọ kòkòrò, àmọ́ ìtìjú ni láàárín wọn.

Ó lè pẹ́ gan-an

Lọ́dún 1832, Darwin fúnra ẹ̀ mú rove beetle kan ní Bahía Blanca, lórílẹ̀-èdè Ajẹntínà. Kòkòrò náà dé London, wọn ò mọ ibi tó wọlé sí mọ́ nínú mùsíọ́mù. Ọdún 2014 ni Stylianos Chatzimanolis tó sọ ọ́ lórúkọ: Darwinilus sedarisi. Ọdún 182 gbáko!

Ibi tó ti kàn wá rèé. Ayé ń móoru sí i, àwọn ohun tó fẹ́ràn òtútù ń sún sókè. Ẹyẹ lè fò lọ sórí òkè míì. Kòkòrò tí kò níyẹ̀ẹ́, tó bá dé téńté òkè, ibo ló tún kù? Tí kò bá sì tíì ní orúkọ, kò lè wọ ìwé àwọn ohun tó yẹ kí ìjọba dáàbò bò. Á kú, a ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan kú.

Ohun kejì: ọ̀pọ̀ holotype kòkòrò ilẹ̀ Áfíríkà, London, Paris àti Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀mù ló wà. Ọmọ wa tó bá fẹ́ sọ kòkòrò ilé ẹ̀ lórúkọ, ó lè ní láti kọ́kọ́ wá físà, tàbí kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya fọ́tò ẹlẹ́rìí náà ránṣẹ́ sí i.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá gun òkè lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ rí kòkòrò tẹ́ ẹ ò rí rí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ kọ ibi àti ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì gbé e sórí iNaturalist. Ó ṣeé ṣe kó ti ní orúkọ tipẹ́. Ó sì ṣeé ṣe kẹ́ni kankan máà tíì pè é rí.