Èdè àti Orúkọ Lẹ́nu Ọ̀nà Abẹ́rẹ́ Àjẹsára: Àyẹ̀wò Ojúlé Ayélujára CoWIN ti Ilẹ̀ Íńdíà

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn COVID-19 ti di àjàkálẹ̀ káríayé. Kí ọdún náà tó parí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti jáde. Ìṣòro tí ó wá kàn ni bí a ó ṣe pín in. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á? Níbo ni yóò ti gbà á? Ìgbà wo ni yóò padà wá gba ẹ̀ẹ̀kejì, ta ni yóò sì jẹ́rìí pé ó gbà á lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó kọ́ ojúlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. A máa ń rò pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni irú ojúlé bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè, àti pé bí a kò bá sí níbẹ̀, àwọn kan yóò há sí ẹnu ọ̀nà. CoWIN, ojúlé ilẹ̀ Íńdíà, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba. Lẹ́yìn náà ni a ó wá yẹ èdè Yorùbá wò.

Bí ojúlé náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2021 ni ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n fi ṣáájú. CoWIN kò ṣàdédé hù. Orí ètò kan tí ń jẹ́ eVIN ni wọ́n kọ́ ọ lé, èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ láti mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan àti bóyá ibi tí wọ́n kó o sí tutù tó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ yóò tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ojúlé náà. Ojúlé yóò fi nọ́ńbà àṣírí kan ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀hún. Nígbà tí ó bá tẹ ìyẹn padà ni ilẹ̀kùn yóò ṣí. Yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni òun, yóò sì kọ ọdún tí a bí i àti nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọdún ìbí ni wọ́n béèrè, wọn kò béèrè ọjọ́ àti oṣù. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń fi ìyàn, ogun tàbí ìgbà tí ọba kan wàjà ka ọjọ́ orí wọn yóò gbà pé ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin ni ó lè fi fóònù kan ṣoṣo forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò yan ibùdó àti àkókò. Ní ibùdó náà, òṣìṣẹ́ yóò wá orúkọ rẹ̀ jáde, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gba abẹ́rẹ́, ìwé ẹ̀rí tí ó ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà yóò sì jáde fún un.

Irú ojúlé báyìí kì í ṣe ohun tí a kọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan tí wọ́n ti gba àkókò sílẹ̀ tí wọn kò sì lọ rí i pé wọ́n ti kọ àwọn mọ́ àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ 8, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, ẹni tí ó wá gba abẹ́rẹ́ ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣírí oní-nọ́ńbà mẹ́rin kan kí òṣìṣẹ́ tó lè kọ ohunkóhun. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba sún ìgbà tí ènìyàn yóò gba abẹ́rẹ́ Covishield ẹlẹ́ẹ̀kejì síwájú di ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Wọ́n sì tún ojúlé náà ṣe kí ó má baà gba ẹnikẹ́ni láyè láti yan ọjọ́ tí kò tíì pé 84.

Èdè tí a kọ sára ilẹ̀kùn

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 44. Láàárín ọjọ́ kan, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 13. Òfin ìgbà náà ni pé orí ayélujára nìkan ni àwọn wọ̀nyí lè gbà wọlé. Ẹni tí kò ní fóònù kò ní ọ̀nà. Ẹni tí ó ní fóònù tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí wọ́n fi kọ ojúlé náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ń wá ẹni tí yóò bá a kà á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń kọ ètò tí yóò máa ta wọ́n lólobó bí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ níbikíbi. Àwọn ará ìlú ńlá sì ń wa ọkọ̀ lọ sí abúlé láti gba abẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti àwọn ará abúlé.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ìjọba gbà kí àwọn ènìyàn forúkọ sílẹ̀ ní àwọn ibùdó ìjọba fúnra wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Íńdíà fi àìdọ́gba tí ó wà láàárín àwọn tí ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì àti àwọn tí kò ní bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀. Oṣù Kẹfà ni CoWIN tó wà ní èdè 12, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Hindi, Bengali, Tamil àti àwọn èdè mìíràn. Ní ojú tiwa, ohun tí ó yẹ kí ó wà lára ìpìlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀dà lẹ́yìn tí ilé ti dúró.

Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 dé láti ọ̀dọ̀ ètò COVAX ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ọdún 2021, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Àbújá ní ọjọ́ 5. Àjọ NPHCDA ní ojúlé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú ètò tí wọ́n pè ní T.E.A.C.H., wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìwé àkọsílẹ̀, fún àwọn tí yóò bá ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀, àti fún lílọ láti ilé dé ilé. Èyí dára. Síbẹ̀, orúkọ tí a gbà láti ẹnu ìyá àgbà lójúlé rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà náà ni yóò padà sùn sí.

Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá

Ẹni tí ó bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè nìkan dání lè pàdé ‘submit’ lójú ìwé kí ó sì kọ ‘tẹríba’ dípò ‘fi ránṣẹ́’. Ìyẹn ṣeé rẹ́rìn-ín sí, kò sì ṣòro láti tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni ó le díẹ̀. Ojúlé kò lè sọ fún ẹni 70 ọdún pé ‘Kọ orúkọ rẹ’. Bí a bá wá kọ ‘Ẹ kọ orúkọ yín’, ‘yín’ yìí lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Bàbá lè to orúkọ gbogbo ará ilé rẹ̀ sínú àyè kan ṣoṣo. ‘Orúkọ ẹni tí yóò gba abẹ́rẹ́’ ni ó yanjú rẹ̀.

Orúkọ gan-an ni ó lójú jù. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà, ‘ọ’ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ‘ó’ sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘ọ́’, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. A lè fi àmì ohùn lé orí ‘ọ’. A lè fi àmì sábẹ́ ‘ó’. A sì lè mú ‘o’ lásán kí a fi àmì méjèèjì kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà tí a kò kọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ọmọ Bọ́lá bá fi fóònù rẹ̀ kọ orúkọ ìyá rẹ̀ nílé, tí òṣìṣẹ́ sì fi ẹ̀rọ mìíràn wá a ní ibùdó, èsì tí yóò jáde ni pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó wá gba abẹ́rẹ́ kejì yóò di ẹni tí kò tíì gba àkọ́kọ́ rí.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú yọ àmì kúrò. A kò gbà. Ọ̀nà tí ó wà ni kí ojúlé náà tún gbogbo orúkọ tò sí ọ̀nà kan ṣoṣo kí ó tó tọ́jú rẹ̀, kí ó máa wá orúkọ láìka àmì sí, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré. Bí orúkọ tí ó jáde bá ju ẹyọ kan lọ, òṣìṣẹ́ yóò béèrè ọdún ìbí.

Ọdún ìbí náà kò ní tó fún àwọn ìbejì. Ojúlé tí ó bá ń fi orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù mọ ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yóò rò pé Táyéwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ ẹnì kan náà, yóò sì pa ọ̀kan rẹ́. Ẹni tí yóò bá kọ́ irú ojúlé bẹ́ẹ̀ fún Ìgbò-Ọrà, ìlú tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn káàkiri, gbọ́dọ̀ ti béèrè èyí kí ó tó kọ ìlà ètò àkọ́kọ́. Ó sì tún gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ kejì, nítorí pé Mufutau tí ó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Àlàbí.