Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Yíya Ìlà Títẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo fi kọ̀ǹpútà ya irin tí a ń dì mú gun àtẹ̀gùn tó lọ́ kan. Láti iwájú, ìlà náà dán mọ́rán. Nígbà tí wẹ́dà tẹ irin tán, òpó ìsàlẹ̀ àti ti òkè nìkan ló kàn. Ó yẹ̀ fún àwọn ti àárín. Owó ṣòfò.

Kí ló fà á? Àmì mẹ́rin ni a fi ń ya irú ìlà bẹ́ẹ̀. Láti àmì kìíní ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò parí síbi ìkẹrin. Méjì àárín kàn ń fà á mọ́ra ni. Paul de Casteljau ṣe ìṣirò yìí ní ilé iṣẹ́ Citroën, ilẹ̀ Faransé, ní 1959. Ṣùgbọ́n orúkọ Pierre Bézier ti Renault ni a fi ń pe ìlà náà.

Bí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣe é kàn mọ́ pátákó pẹrẹsẹ kan ṣoṣo, ìlà kò ní kúrò lára pátákó náà, bó ti wù kó tẹ̀ tó. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ wò ó láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, kí ẹ tó pe wẹ́dà.